Ewé Tí Mo Gbá Kúrò Ní Kọ́nà Oníṣin

Ìṣẹ́gun, 28 Jánúárì 2025

Àwọn ohun tó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì, àti ẹni tó mọ̀:

Okùn tí ẹgbẹ́ wa fi ń fa ọkọ̀ tó bá dákú sójú ọ̀nà ti já. Mashood mẹkáníìkì mọ̀ pé ó fẹ́ já láti oṣù Kejìlá. Ó sọ fún mi. Mo ní kó ṣì máa lò ó.

Fóònù ẹgbẹ́ kú fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Ẹtì. Ọwọ́ mi ló wà. Mo mọ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, àgbẹ̀ Ìkòyí-Ilé, dá sí ọ̀nà méjì nígbà tí ọ̀kadà rẹ̀ kọlu ìdí ọkọ̀ akẹ́rù kan. Gbogbo ayé mọ̀.

Saifudeen tó ni ọkọ̀ akẹ́rù náà, ará Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, sun tẹ́ṣàn fún ọjọ́ méjì, wọ́n sì ti ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ọgbà, torí wọ́n ní kò gé ewé sójú ọ̀nà kí ará ẹ̀yìn lè mọ̀ pé ọkọ̀ dúró níwájú. Gbogbo ayé mọ èyí náà, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ó gé ewé. Mashood mọ̀. Èmi náà mọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀.

Èmi ni mo gbá a kúrò.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi Alága máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 29 Jánúárì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí orí mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe fún mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀, wọ́n pè wá láti ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ní kọ́nà Oníṣin. Táyà Corolla kan ló bẹ́. Ọkọ àti ìyàwó ló wà nínú rẹ̀, Ìlọrin ni wọ́n ń lọ. Èmi àti Mashood gbé píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ láti Ọ̀yọ́. Ọyẹ́ bo gbogbo ojú ọ̀nà débi pé iná ni gbogbo ọkọ̀ ń tàn lọ́sàn-án gangan. Mashood pààrọ̀ táyà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Mo wo aago fún un, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ẹ̀ka dóńgóyárò wà lójú títì lẹ́yìn Corolla náà, òkìtì mẹ́ta, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ọlọ́dà búlúù sì wà lórí èyí tó kẹ́yìn kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Àwọn tọkọtaya dúpẹ́, wọ́n lọ. Ọkọ̀ ti lọ, ewé ṣì wà nílẹ̀. Èmi ni mo kọ òfin kẹta tá a lẹ̀ mọ́ inú píkọ́ọ̀pù: Ọkọ̀ lọ, ewé lọ. Ìdí rẹ̀ yé gbogbo wa. Awakọ̀ á tún ọkọ̀ ṣe tán, á fi ewé àti òkúta sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Ní oṣù Kẹwàá, irú òkúta bẹ́ẹ̀ ló ba ìdí bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé jẹ́ lápá Ìrẹsà. Òfin náà dára. Òun ni wọ́n fi mọ̀ wá.

Mashood ní, “Alága, ẹ jẹ́ kí n yọjú sẹ́yìn kọ́nà ná. Àwọn tó lọ yẹn ò bá mi sọ̀rọ̀ pé àwọn gé ewé.”

Mo wo aago. Wọ́n ń retí mi ní báńkì ní aago mẹ́rin. Mo ní, “Ṣé ewé náà la tún fẹ́ máa bi léèrè pé ọmọ ta ni? Gbá a.”

Kò tètè mira. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀rẹ̀, mo wọ́ àwọn ẹ̀ka náà sínú igbó. Mo fi ẹsẹ̀ yí búlọ́ọ̀kù náà sínú gọ́tà. Mo ya fọ́tò kí n tó gbá a, mo ya òmíràn nígbà tí mo gbá a tán, mo sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí wásáàpù ẹgbẹ́: “Títì ti mọ́.” Èèyàn mọ́kànlélógójì ló pàtẹ́wọ́ fún mi níbẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. A yí píkọ́ọ̀pù padà sí Ọ̀yọ́.

Saifudeen ló ni ewé náà. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn kọ́nà, ó ti gun ọ̀kadà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ra ohun tó bàjẹ́ lára jíà. Àwọn oní-Corolla bá ewé rẹ̀ nílẹ̀ ni, wọ́n dúró síwájú rẹ̀. Mo lọ fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ lánàá. Láti ibi tí mo ti gbá ewé dé ibi tí ọkọ̀ dúró sí, ìṣísẹ̀ ọgọ́sàn-án.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì kọjá níbẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Ó lọ ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta l'Ọ́yọ̀ọ́. Fóònù ẹgbẹ́ ti kú sínú àpò mi ní báńkì, Mashood ni wọ́n pè, òun ló sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tó sọ fún mi nírọ̀lẹ́, ó kàn ní “nítòsí afárá” ni. Mi ò so ó pọ̀ mọ́ kọ́nà. Òun ti so ó pọ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo wọ tẹ́ṣàn lọ, èmi Alága, mo bú Saifudeen níwájú èèyàn. Mo ní ewé lásán, ewé tí Ọlọ́run ń hù sẹ́bàá ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn náà ò lè gé. Ó ní òun gé dóńgóyárò sójú mẹ́ta, òun sì gbé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí òun fi ń dí táyà lé e, ó ní ọ̀dà búlúù. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo jókòó sínú ọkọ̀ ni ọ̀dà búlúù yẹn tó wá bá mi.

Ọjọ́bọ̀, 30 Jánúárì

Ọyẹ́. Ètè gbogbo èèyàn ti là. Bẹntiróòlù tún gbówó lórí ní Ọ̀wọ́dé. Ìpè méjì: bátìrì kan, àti ọkùnrin kan tí epo tán mọ́ lọ́nà tó ní gééjì ló purọ́ fún òun. Lóṣù tó kọjá, ǹ bá ti bi í bóyá gééjì ló ń bá a wa ọkọ̀. Mo kàn bu epo fún un. Mashood wò mí.

Àbámẹ́ta, 1 Fébúárì

Mo lọ sílé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mashood ló wà mí lọ.

Ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, Deborah, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbùkún, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Bó ṣe rí mi ló kúnlẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ wa ló gbé ọkọ òun, pé ká ní a pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹ̀jẹ̀ ì bá ti tán lára rẹ̀. Mo ń fà á dìde, kò dìde. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ kì í dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà dáadáa, pé àwọn ṣì ń wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í bú awakọ̀ náà. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. “Ẹni tí kò lè gé ewé torí ọmọ ẹlòmíràn, ojú títì ni yóò máa sùn títí ọjọ́ ayé rẹ̀.” Àwọn obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì ṣe àmín. Wọ́n wo ojú mi pé kí èmi náà ṣe é. Ẹnu mi mì. Mi ò mọ̀ bóyá ohùn jáde.

Ó fún mi ní iṣu mẹ́ta. Ó ní oko ọkọ òun ló ti wá, kí n má kọ̀ ọ́. Mashood gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, a sì yí padà sí Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ Ajé, 3 Fébúárì

Bọ́ọ̀sì àwọn tíṣà kan dákú ní oríta Ìrẹsà, fáànù bẹ́líìtì ló já. Wọ́n ti gé ewé. Nígbà tí Mashood tún un ṣe tán, mo ní kó dúró, mo sì fẹsẹ̀ rìn síwájú fúnra mi, ìṣísẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún. Kò sí ọkọ̀ kankan. Ewúrẹ́ méjì péré ni mo bá. Mo padà wá gbá ewé.

Tíṣà kan yọ orí lójú fèrèsé, ó bi mí bóyá nǹkan mi sọnù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, 5 Fébúárì

Àwọn iléeṣẹ́ rédíò kan pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bá a ṣe ń gbá ewé kúrò lójú títì, wọ́n ní ó yẹ kí àwọn ìlú mìíràn kọ́ ọ lára wa. Mo ní ọ̀fìnkìn ń yọ mí lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fébúárì

Wọ́n gé e. Ó kọjá ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀ sókè. Ìyá Ìbùkún fúnra rẹ̀ ló pè láti sọ fún mi. Ó ní kí n má bínú pé òun dà mí láàmú lẹ́nu iṣẹ́.

Àbámẹ́ta, 8 Fébúárì

Mo lọ bá Mashood ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wà lábẹ́ Sienna kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni mo sì bá sọ̀rọ̀. Ó rọrùn fún mi bẹ́ẹ̀.

Mo ní, “O ti mọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.”

Ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́. “Mo mọ̀, Alága.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

Ó fa ara rẹ̀ jáde, ó nu ọwọ́. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni, ojú rẹ̀ wá dà bíi ti àgbà. “Ẹ̀yin lẹ sọ pé tẹ́ ẹ bá ti pàṣẹ, kẹ́nikẹ́ni má dá yín dúró. Mo dá yín dúró lẹ́ẹ̀kan ní kọ́nà yẹn. Mi ò ní ẹnu ẹlẹ́ẹ̀kejì.”

Mo ní ṣé ó ti sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní rárá. Ó ní òun àti Saifudeen jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà ní Sábó ni, òun sì ti pààrọ̀ mọ́ṣáláṣí. Ti ọ̀nà jíjìn lòun ń lọ báyìí, òun máa ń pẹ́ kí òun tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà ti ń kùn.

Mo kọ́ ìmọ̀ àkóso okòwò fún ọdún méjì gbáko ní Ìbàdàn. Wọ́n kọ́ wa pé kí àṣẹ má pọ̀ lẹ́nu, kí ó yá. Àṣẹ mi yá. Mi ò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá rí ohun tí èmi ò rí.

Ìṣẹ́gun, 11 Fébúárì

Mo lọ sí Sábó láti sọ fún Saifudeen. Mo gbé fọ́tò náà dání nínú fóònù. Mo ti ṣètò ohun tí màá sọ, gbólóhùn mẹ́rin péré.

Mo bá a níbi tó ti ń bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di àpò àlùbọ́sà. Ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà ní ọgbà tẹ́ṣàn, àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ sì ti ní kó jókòó sílé títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ó dìde fún mi, ó nu àga, ó ní òun rò pé mo ṣì ń bínú sí òun ni. Bá a ṣe jókòó báyìí, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó ní, “Saifu, ṣó o ti gé ewé lónìí?” Ó rẹ́rìn-ín dá a lóhùn pé òun ti gé e, òun fi se ọbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ojoojúmọ́ ni, pé àwọn ọmọdé ti fi ṣe eré.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni ilé ẹjọ́. Ẹ̀sùn náà ni pé àìbìkítà rẹ̀ ló sọ èèyàn di aláàbọ̀ ara. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n máa gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó lọ sẹ́wọ̀n. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń wa ọkọ̀, kò tíì kọlu adìyẹ rí.

Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Alága, kí n má purọ́ fún yín. Ó ti ń ṣe mí bíi pé mi ò gé e lóòótọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ títí. Mo máa ń jókòó rò ó pé dóńgóyárò yẹn, bóyá ọjọ́ mìíràn ni mo gé e.”

Fọ́tò náà wà nínú àpò lórí itan mi.

Mo ra àlùbọ́sà. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo ra àlùbọ́sà, mo kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, mo sì lọ sílé.

Ẹtì, 14 Fébúárì

Lẹ́yìn Jímọ̀ mo lọ bá Alhaji Israfil, bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa, nílé wọn ní Ọ̀yọ́. Ọwọ́ wọn ni ìwé ìjáde ọkọ̀ ẹgbẹ́ àti òǹtẹ̀ wà. Mo jókòó sórí ẹní, mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn lẹni kìíní tí mo sọ ọ́ fún.

Wọ́n wá ní ẹgbẹ́ yìí ti ran èèyàn tó lé ní igba lọ́wọ́ láàárín ọdún méjì. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ á máa bẹ̀rù kí ó pè wá, òmíràn á sùn sójú ọ̀nà. Wọ́n ní káwọn bá mi bẹ ẹbí Oyèdèjì kí wọ́n má fa ẹjọ́ náà jìnnà, kí ẹgbẹ́ bá wọn ra ẹsẹ̀ igi, kí ó sì parí síbẹ̀. “Ọmọ mi, jẹ́ ká kúkú gba ààwẹ̀ ná. Lẹ́yìn ààwẹ̀, a ó wò ó.”

Mo ní, “Ilé ẹjọ́ ò ní dúró de ààwẹ̀, Alhaji.”

Wọ́n ní ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, Ọlọ́run á yọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí kọ́ nìyí. Ohun tí mo fẹ́ kọ ni pé bí wọ́n ṣe sọ “lẹ́yìn ààwẹ̀” yẹn, ara mi rọ̀. Ìtura dé bá mi, bí ìgbà téèyàn bọ́ bàtà tó há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó mọ ohun tó ń dùn mọ́ mi.

Àìkú, 16 Fébúárì

Bàbá Fìyìn, Akínwálé ọkọ mi, jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú iṣu kan lọ́wọ́. “Fúnkẹ́, iṣu yìí ti ń hù. Ṣé kí a gbìn ín ni àbí kí a sè é?”

Mo ní ẹ má sè é. Wọ́n bi mí kí ló dé. A ti jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ti kọ orin, mo ti ka Bíbélì fún ìjọ, ìbéèrè iṣu ló wá já mi sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn ní ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Wọn ò pariwo. Tíṣà ni wọ́n, ìbéèrè ni wọ́n máa ń fi dá èèyàn lóhùn. Wọ́n ní, “Bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá ẹ ta táyà ní ṣọ́ọ̀bù bá ṣe báyìí, ọjọ́ mélòó lo máa fún un kó fi jẹ́wọ́?”

Mo ní, “Ọjọ́ kan.”

Wọ́n gbé iṣu padà sí ilé ìdáná, wọ́n lọ máàkì ìwé ọmọ ilé ìwé. Ọjọ́ kẹtàlélógún lónìí tí mo ti mọ̀.

Ọjọ́rú, 19 Fébúárì

Ìkòyí-Ilé. Èmi nìkan ni mo lọ.

Wọ́n ti dá Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì sílẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi màńgòrò níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ tó kù sórí àpótí. Ó kí mi dáadáa, ó ní inú òun dùn pé ọyẹ́ ti ń lọ. Ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́bàá ògiri, bẹ́líìtì tuntun rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá, wọn ò tíì tú u. Ìyá Ìbùkún gbé omi wá.

Mi ò mu omi náà. Mo ní, “Awakọ̀ yẹn gé ewé. Òkìtì mẹ́ta. Èmi ni mo gbá a kúrò. Mo rò pé ti ọkọ̀ mìíràn ni, mi ò sì lọ wo ẹ̀yìn kọ́nà, torí mò ń kánjú.” Mo fi fọ́tò hàn wọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì gba fóònù, ó wò ó pẹ́, ó dá a padà fún mi. Ó yí ojú sí ọ̀nà oko.

Ìyá Ìbùkún ló bi mí. “Ọjọ́ wo lẹ mọ̀?”

Mo ní ọjọ́ kejì tó ṣẹlẹ̀.

“Ẹ ti mọ̀ nígbà tí mo kúnlẹ̀ fún yín.”

“Mo ti mọ̀.”

“Ẹ ti mọ̀ nígbà tí mo ń ṣépè fún ọmọkùnrin yẹn. Ẹ jókòó tì mí. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù.” Ó gbé omi tí mi ò mu, ó dà á sídìí igi. “Ẹsẹ̀ ọkọ mi, mo lè sọ pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀. Ti ẹnu mi yìí, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni.”

Mo ní iṣu wà nínú ọkọ̀, mo gbé e padà wá. Ó ní òun kì í gba ohun tí òun bá ti fúnni. Ó ní kí n lọ sè é, kí n jẹ ẹ́, kí n sì lọ sọ fún ọmọkùnrin náà lọ́la kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí òun ń bọ̀ ní Sábó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, òun ò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹnu òun ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Òun ni mo ṣẹ̀, òun ló tún ń fún mi ní àkókò.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fébúárì

Sábó, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mashood tẹ̀ lé mi. Mi ò jókòó kí n tó sọ ọ́.

Saifudeen gba fóònù, ó fi ìka fẹ fọ́tò náà lójú títí búlọ́ọ̀kù náà fi kún gbogbo ojú fóònù. Ó ní, “Òun nìyí.” Ó tún sọ ọ́. Ó pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wò ó. Ó gbé fóònù náà jáde lọ bá oníkẹ̀kẹ́, ó lọ bá ẹni tó ń ta súyà, ó lọ bá àwọn bàbá tó jókòó lẹ́nu mọ́ṣáláṣí. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń lọ láti ilé dé ilé: ẹ wò ó, ẹ wo dóńgóyárò mi, ẹ wo aago tó wà níbẹ̀. Mi ò béèrè fóònù mi títí ó fi dé òpin àdúgbò tó sì padà.

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti tutù. “Ẹ̀yin náà lẹ wá bú mi ní tẹ́ṣàn.”

“Èmi ni.”

“Ẹ bú mi kúnná, Alága. Ìyàwó mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ló ti wà nílé bàbá rẹ̀.”

Mo ní mo tọrọ àforíjì. Ó ní òun gbọ́. Mashood ló sún mọ́ ọn, tó dọ̀bálẹ̀, tó sì pẹ́ nílẹ̀. Saifudeen fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní kó dìde, kó padà sí mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Kò fọwọ́ kan èmi.

Ẹtì, 21 Fébúárì

A rí búlọ́ọ̀kù náà nínú gọ́tà ní kọ́nà Oníṣin, ibi tí mo yí i sí gan-an. Eruku ọyẹ́ ti bo ọ̀dà rẹ̀. Mashood fi omi ṣan án.

Mo kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn. Ọlọ́pàá tó ń bójú tó ẹjọ́ náà gbọ́ mi dé òpin. Ó ní fọ́tò dára, àmọ́ ó yẹ kí ìwé ìjáde ọkọ̀ ẹgbẹ́ ti ọjọ́ náà tẹ̀ lé e, pẹ̀lú òǹtẹ̀, kí ó hàn pé a wà níbẹ̀ ní wákàtí yẹn. Mo pe Alhaji. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́. Mo tún pè nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù.

Àìkú, 23 Fébúárì

Mo ya òfin kẹta kúrò lára píkọ́ọ̀pù láàárọ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí gùn jù ú lọ, kò sì dùn lẹ́nu: Rin ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ síwájú kí o tó gbá ewé. Ẹnikẹ́ni lè dá Alága dúró.

Mashood ní Ìyá Ìbùkún wá sí Sábó lánàá bó ṣe sọ. Òun àti Saifudeen jókòó sórí àpò àlùbọ́sà, wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Mi ò bi í.

Mo se iṣu kan. Mo jẹ ẹ́.

Lẹ́tà tí mo kọ rèé, Mashood yóò mú un lọ láàárọ̀ ọ̀la:

Alhaji Israfil, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ààwẹ̀.

Mo kọ̀wé yìí láti fi ipò Alága sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ìyẹn kò gba ìjíròrò. Ohun kan ni mo ń béèrè: ojú ìwé ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Jánúárì nínú ìwé ìjáde ọkọ̀ ẹgbẹ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù yín.

Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù lásán, ó ba èmi náà. Ẹnìkan lè má pè wá mọ́. Ṣùgbọ́n Saifudeen gé ewé bó ṣe yẹ kó gé e, àwa la mú un kúrò, àwa náà la dákẹ́. Oṣù kan rèé tó ti ń gbé ìtìjú mi kiri Sábó. Mi ò lè jẹ́ kó gbé e dé iwájú adájọ́.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ìwé náà dé ọwọ́ mi kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù ní Ọjọ́rú, 26 Fébúárì. Bí kò bá dé, màá dúró ní ilé ẹjọ́ ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú fọ́tò, búlọ́ọ̀kù àti Mashood, bí wọ́n bá sì bi mí níbi tí ìwé náà wà, màá sọ ọ́.

Aago méjìlá, Alhaji. Kì í ṣe lẹ́yìn ìrun.